Láti Windhoek la aṣálẹ̀ Namib já sí etíkun: ta ló mọ ọ̀nà yìí nínú wa?

AwakọBùnú (Kàbbà)

Okun o, gbogbo ilé. Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ ní Windhoek, olú ìlú Nàmíbíà, ó sì ti ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá lo oṣù Ògún lọ́dọ̀ òun. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí àwa méjèèjì háyà ọkọ̀, ká gba inú aṣálẹ̀, ká sá fún ọ̀nà ọ̀dà bó bá ti ṣeé ṣe, títí a ó fi yọ sí Òkun Àtìláńtíìkì.

Hilux ni mo fi ń ṣiṣẹ́ láti Kàbbà lọ sí àwọn ìlú Bùnú. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn lójò mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹrẹ̀ kò bà mí lẹ́rù, kòtò kò bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ibi tí iyanrìn ti gba gbogbo ilẹ̀, mi ò débẹ̀ rí. Ọ̀nà wo ni kí n gbà? Ṣé ọkọ̀ kan tó? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe táyà níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni kó dá mi lóhùn.

ỌmọMọ́pà_Walvis

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò. Iṣẹ́ èbúté ló gbé mi dé Walvis Bay, mo sì gbé ibẹ̀ pẹ́. Inú aṣálẹ̀ yẹn ni mo ti máa ń lo ìsinmi mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé inú mi dùn láti rí ìbéèrè yín.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo Namib ló jẹ́ iyanrìn. Odò kan wà tí wọ́n ń pè ní Kuiseb. Gbígbẹ ló máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n nígbà tí àgbàrá bá dé láti òkè, á gbá iyanrìn tó ti dí ojú rẹ̀ lọ. Òun ni kò jẹ́ kí àwọn òkìtì iyanrìn ńlá kọjá sí àríwá. Gúúsù rẹ̀ ni òkun iyanrìn tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2013. Àríwá rẹ̀ jẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́, àpáta, àti ojú odò gbígbẹ. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó bi mí ní ọ̀nà tó dára, ẹ kọ́kọ́ mọ apá ibi tẹ́ ẹ ń lọ.

Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ dé òkun, ọ̀nà ọ̀dà B2 gba Okahandja, Karibib àti Usakos lọ sí Swakopmund, nǹkan bí 360 km. Wákàtí díẹ̀ ni. C14 náà wà, tó gba ọ̀fìn Kuiseb sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Walvis Bay. Òkúta wẹ́wẹ́ ni, ó rẹwà gan-an, ọkọ̀ lásán sì lè gbà á bí awakọ̀ bá ní sùúrù.

Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ ń wá, ti Messum ni mo máa gbà yín níyànjú. Ẹ gba ọ̀dà dé Usakos, kẹ́ ẹ yà sí òkúta wẹ́wẹ́ lọ sí Uis. Ìlú kùsà ni Uis, tánńganran ni wọ́n ń wà níbẹ̀, ará Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú yóò mọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òkè Brandberg, tó ga jù ní Nàmíbíà ní 2,573 m, ló dúró lẹ́yìn rẹ̀. Láti ibẹ̀, ojú ọ̀nà á máa tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ ṣe ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, títí tí yóò fi ku ipa táyà méjì péré. Ẹ ó wọ inú Messum, ojú òkè oníná àtijọ́ tó ti kú láti ọdún mílíọ̀nù tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ó fẹ̀ ju 15 km lọ láti etí dé etí. Lẹ́yìn ìyẹn ni pẹ̀tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni òkun, nítòsí Cape Cross. Ẹ ó gbóòórùn òkun kẹ́ ẹ tó fojú rí i.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ Kàbbà, kó o tó sọ̀rọ̀ iyanrìn, ṣé o mọ̀ pé apá òsì ni wọ́n ń wakọ̀ sí ní Nàmíbíà? Àwa náà ń wà á bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní Nàìjíríà, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni ìjọba yí wa sí ọ̀tún. Mo rántí bó ṣe rí fún àwọn awakọ̀ nígbà náà. Láàárín ìlú, o ò ní gbàgbé, torí pé ọkọ̀ mìíràn ń rán ọ létí. Níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni ni ọwọ́ á ti padà sí ibi tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Tí ọkọ̀ kan bá wá yọ lójijì nínú eruku, ọ̀tún ni wàá yà sí. Jẹ́ kí àbúrò rẹ máa rán ọ létí ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra.

Ìkejì ni eré. Òkúta wẹ́wẹ́ kò gba eré. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ́ lórí rẹ̀, má tẹ bíréèkì fòò, má sì fa sítíárìn lójijì. Gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo, dì í mú ṣinṣin, jẹ́ kó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

ỌmọMọ́pà_Walvis

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Òfin gbà kéèyàn sá 100 km ní wákàtí kan lórí òkúta wẹ́wẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ọ̀nà kì í kọjá 80. Àlejò tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé lórí ọ̀nà tó tẹ́jú, tí kò sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí, kì í ṣe ìròyìn tuntun níbẹ̀ rárá.

Fọkanáísà_Ayétòrò

Ẹ jẹ́ kí n bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ táyà, torí iṣẹ́ mi nìyẹn ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀. Bí táyà bá ń gbé afẹ́fẹ́ 35 (PSI) lórí ọ̀dà, tó bá dé orí òkúta wẹ́wẹ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí nǹkan bí 26. Táyà á lè tẹ̀ lórí òkúta dípò kí òkúta gún un, ìgbọ̀nrìrì náà á sì dínkù. Bẹ́ ẹ bá wá kan iyanrìn tó rọ̀, ẹ tú u sí 16 tàbí 18. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó: ìsàlẹ̀ táyà á tẹ́ pẹrẹsẹ, ibi tó fi kan ilẹ̀ á gùn síwájú àti sẹ́yìn. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó gun orí iyanrìn dípò kó máa gbẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbàgbọ́ pé agbára ẹ́ńjìnnì ló ń yọ ọkọ̀ nínú iyanrìn. Afẹ́fẹ́ táyà ni.

Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti kéré báyìí, ẹ má sáré, ẹ má sì yà lójijì. Etí táyà lè yọ kúrò lára rííìmù. Bẹ́ ẹ bá sì gbé e bẹ́ẹ̀ gun ọ̀nà líle pẹ̀lú eré, táyà á gbóná láti inú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fọ́. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ ní gééjì tó péye àti pọ́ńpù kékeré tó ń lo iná bátìrì ọkọ̀. Ẹ béèrè táyà àfipamọ́ méjì lọ́wọ́ àwọn tó ń háyà ọkọ̀. Ẹ wo ọjọ́ orí táyà lára rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbọwọ́ síwèé: nọ́ńbà mẹ́rin wà níbẹ̀, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún. Táyà tó ti gbó lè ṣì ní eyín dáadáa.

Ọ̀dọ́Ìyàrà

Mo ti wo fídíò àwọn òkìtì iyanrìn yẹn, ó ga ju! Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ fi máa tẹ̀lé ipa tí ẹlòmíràn ti là? Pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbalasa ni, kò sí igi, kò sí oko ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn dojú ọkọ̀ kọ òkun, kẹ́ ẹ lọ tààrà. Ẹ ya fídíò rẹ̀ fún wa.

ỌmọMọ́pà_Walvis

Àbúrò, jọ̀ọ́ fara balẹ̀ ka èyí, torí pé nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, òun ló ká mi lára jù.

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn kò ṣófo. Ohun ẹlẹ́mìí pẹlẹbẹ kan tó jọ ewéko lẹ̀ mọ́ òkúta àti ilẹ̀ níbẹ̀, lichen ni wọ́n ń pè é. Bó o bá wò ó lọ́sàn-án, wàá rò pé pàǹtírí gbígbẹ ni, àwọ̀ eérú, ó ká jọ bí etí ìwé tó jóná. Kúnlẹ̀, da omi díẹ̀ sí i láti inú ìgò rẹ, kó o dúró. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á tú, á tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, á sì di àwọ̀ ewé lójú rẹ. Ó wà láàyè látọjọ́ yìí wá. Kùrukùru òkun ló ń mu. Ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ gan-an, táyà kan ṣoṣo sì lè lọ̀ ọ́ di eruku. Ipa ọkọ̀ tí wọ́n fi gba ibẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, torí pé kò sí òjò tí yóò pa á rẹ́.

Ẹyẹ òkun kékeré kan sì wà, Damara tern, tó ń yé ẹyin sórí ilẹ̀ gbalasa láàárín òkúta wẹ́wẹ́. O ò ní rí ẹyin náà láti inú ọkọ̀, àwọ̀ òkúta ló ní. Igi welwitschia wà níbẹ̀ bákan náà. Ewé méjì péré ló máa ń ní láyé rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń ya á sí wẹ́wẹ́, àwọn kan nínú wọn sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Gbòǹgbò rẹ̀ kò gba kí ọkọ̀ tẹlẹ̀ mọ́ ọn nítòsí.

Láti 2010 ni etíkun yẹn, láti Walvis Bay dé odò Ugab, ti di ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Dorob. Ìwakọ̀ kúrò lójú ipa jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní kò sófin, ẹni tó bá ti fojú rí i tí lichen yẹn ń tú lábẹ́ omi kò ní lè gun orí rẹ̀ mọ́.

Ọ̀dọ́Ìyàrà

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí wà níbẹ̀. Àwọn òkìtì iyanrìn tó bọ́ sínú òkun ńkọ́? Ṣé a kì í wà á níbẹ̀ rárá?

ỌmọMọ́pà_Walvis

Sandwich Harbour nìyẹn, gúúsù Walvis Bay, nǹkan bí 50 km. Wọ́n ń wà á, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ìmọ̀ràn mi sì ni pé kí ẹ̀gbọ́n gba ọmọ ibẹ̀ tó mọ̀ ọ́n, kó jókòó sínú ọkọ̀ tirẹ̀. Òkìtì náà ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọ inú omi. Bí òkun bá fà sẹ́yìn, ààyè tó ṣẹ́ kù ni ọkọ̀ ń gbà. Bó bá kún, kò sí ọ̀nà mọ́: omi lápá kan, òkìtì lápá kejì. Iyanrìn tútù tó dà bíi pé ó le á sì gbé táyà mì bọ́kọ̀ bá dúró. Òkun ti gba ọkọ̀ níbẹ̀, wọn ò sì rí i yọ.

ÌyáÌsánlú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àwọn ọmọ mi náà ń gbèrò irú ìrìn-àjò yìí, ẹ dá èmi náà lóhùn. Omi mélòó? Oúnjẹ ńkọ́? Ṣé a lè sùn síta? Mo gbọ́ pé ojú odò gbígbẹ ni iyanrìn ti rọ̀ jù, tó sì ní igi tó ń ṣíji boni.

ỌmọMọ́pà_Walvis

Mà, ẹ má pàgọ́ sójú odò gbígbẹ láéláé. Ìdí méjì. Òjò lè rọ̀ lókè lọ́hùn-ún tó jìnnà, kí ojú ọ̀run mọ́ kedere lọ́dọ̀ yín, kí àgbàrá sì dé lóru. Àwa tá a mọ odò Ọ̀yì mọ bí omi òkèèrè ṣe ń dé. Ìkejì, ọ̀nà àwọn ẹranko ni. Erin inú aṣálẹ̀ ń gba Ugab àti Huab kọjá, àgbáǹréré wà lágbègbè náà, kìnnìún sì ń tẹ̀lé àwọn odò wọ̀nyẹn sọ̀ kalẹ̀ dé etíkun. Ibùdó àgọ́ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ wà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò.

Omi: ó kéré tán, lítà márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, kẹ́ ẹ tún ní ti ọjọ́ méjì sí i tẹ́ ẹ ò ní fọwọ́ kàn. Ẹ pín in sínú kẹ́ẹ̀gì bíi mélòó kan, torí pé bí ẹyọ kan bá jò, ẹ̀mí gbogbo ilé kò gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé igi ìdáná yín láti ìlú. Igi kan wà ní agbègbè Damara, oró ni oje rẹ̀, oró ni èéfín rẹ̀, àlejò kò sì lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Ẹ mú aṣọ òtútù. Oṣù Ògún ni ìgbà òtútù wọn.

Olùkọ́Ògìdì

Ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ òtútù yẹn, torí ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu nínú kíláàsì Jọ́gíráfì. Omi òkun tútù kan, Benguela, ń ti gúúsù ṣàn bọ̀ lẹ́bàá etíkun náà. Afẹ́fẹ́ tó bá kọjá lórí rẹ̀ á tutù, ọ̀rinrin inú rẹ̀ á di kùrukùru, á sì rọra wọ orí ilẹ̀ lóru. Kò lè gòkè débi tí yóò fi di òjò. Omi tútù yìí gan-an wà lára ohun tó sọ ibẹ̀ di aṣálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlú tó wà létí òkun fi lè máa gbọ̀n lótùútù nígbà tí oòrùn ń ta gan-an ní 50 km sí wọn nínú lọ́hùn-ún.

Kí ẹ̀gbọ́n sì yà ní Spitzkoppe, lẹ́yìn Usakos. Àpáta gíráníìtì ni, orí rẹ̀ ga 1,728 m sí ojú òkun, ó dá dúró lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Irú àpáta tó yí Ògìdì ká níbí náà ni: ohun tó yọ́ lábẹ́ ilẹ̀, tó dì, tí ilẹ̀ tó bò ó sì ti ṣí kúrò lórí rẹ̀. Ọmọ Ìjùmú tó bá débẹ̀ kò ní ṣàjèjì.

AwakọBùnú

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Bàbá, ọ̀rọ̀ apá òsì yẹn ti wọ̀ mí lára. Mo ní ìbéèrè méjì: bí ọkọ̀ bá rì ńkọ́? Àti pé àbúrò mi ní ọkọ̀ kan ti tó, ó ní fóònù òun ní máàpù.

ỌmọMọ́pà_Walvis

Ẹ̀gbọ́n, bí ọkọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rì, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo lójú ẹsẹ̀. Gbogbo bí táyà bá ṣe ń yí lórí òfo, sàréè ló ń gbẹ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wò ó bóyá ikùn ọkọ̀ ti fìdí kalẹ̀. Ẹ fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn kúrò níwájú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti lábẹ́ ikùn. Ẹ tún tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ sí i, ó lè dé 12. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gba ipa tẹ́ ẹ gbà wọlé, kẹ́ ẹ fi rìfáàsì padà jáde, torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti le díẹ̀. Àárọ̀ ló dára jù láti la iyanrìn, nígbà tó ṣì tutù tó sì dì. Lọ́sàn-án gbígbóná ó máa ń rọ̀ gan-an.

Ti ọkọ̀ kan: mi ò gbà. Láàárín Uis àti etíkun, kò sí nẹ́tíwọọ̀kì. Ẹ lè wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ mìíràn má kọjá títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí yóò sì tún mọ́. Ọkọ̀ méjì, tàbí kẹ́ ẹ háyà fóònù sátẹ́láìtì, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹnì kan ní Windhoek ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ yọ. Máàpù tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ gbà sórí fóònù. Tracks4Africa ni ọ̀pọ̀ ń lò níbẹ̀, ó mọ àwọn ọ̀nà kéékèèké.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀

Lójú tèmi, ọkọ̀ kan tó bá dára, tí awakọ̀ rẹ̀ sì gbọ́n, ó tó. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn nígbà tiwa, láti Lọ́kọ́jà dé òkè Ọya, kò sí fóònù kankan.

ỌmọMọ́pà_Walvis

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún ìrírí yín. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà tiyín, abúlé wà, odò wà, èèyàn á gbà yín sílé bí ilẹ̀ bá ṣú. Níbẹ̀, kò sí ilé, kò sí omi. Mi ò lè gba ọmọ ẹnikẹ́ni níyànjú láti dá lọ.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Níbi tí kò sí omi, mo gbà fún ọ. Kí wọ́n mú ọkọ̀ méjì.

Àdùkẹ́_Ìdọ̀fin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé àdéhùn ọkọ̀ láti òkè délẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n gba owó gọbọi lọ́wọ́ èmi àti ọkọ mi nígbà tá a dá ọkọ̀ padà ní orílẹ̀-èdè kan ní gúúsù Áfíríkà. Afẹ́fẹ́ ti fi iyanrìn họ ọ̀dà ara ọkọ̀ náà, wọ́n sì ní ìńṣọ́ránsì tá a san kò bo iyanrìn, kò bo abẹ́ ọkọ̀, kò bo omi òkun. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa tẹ́lẹ̀.

ỌmọMọ́pà_Walvis

Ìyẹn wọ́pọ̀. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ gbígbóná kan máa ń ti ìlà-oòrùn fẹ́ wá sí etíkun, ó ń gbé iyanrìn rìn. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ dúró sílé.

Bẹ́ ẹ bá wá yọ sí etíkun, ẹ ó bọ́ sórí ọ̀nà C34. Iyọ̀ òkun àti jípísọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe apá ibẹ̀, ó le, ó dán bí ọ̀dà. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ táyà padà kẹ́ ẹ tó gùn ún. Bí kùrukùru bá ti sọ ọ́ di tútù, ó máa ń yọ̀ gan-an. Cape Cross wà níbẹ̀, ibi tí Diogo Cão, ará Pọtogí, ri àgbélébùú mọ́lẹ̀ ní 1486. Séèlì pọ̀ níbẹ̀ lọ súà, òórùn wọn á kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Bẹ́ ẹ bá gba gúúsù, epo wà ní Henties Bay. Ní Uis, ẹ rọ ọ́ kún dẹ́nu, kẹ́ ẹ sì gbé kẹ́ẹ̀gì dání, torí ọkọ̀ tó ń la iyanrìn ń mu epo ju ti ọ̀dà lọ gan-an.

Bó bá jẹ́ àríwá lẹ fẹ́ gbà, géètì Ugab ni ẹnu ọ̀nà ọgbà ìjọba Skeleton Coast. Wọ́n ya agbárí òkú àti egungun sára rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó fọ́ sí etíkun yẹn kò lóǹkà, Dunedin Star ní 1942 wà lára wọn, àwọn tó yè nínú rẹ̀ sì rí i pé ilẹ̀ tí wọ́n gùnlẹ̀ sí kò sàn ju òkun lọ. Ẹ débẹ̀ láàárọ̀, torí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó bá pẹ́ wọlé.

AwakọBùnú

Mo ti bá àbúrò mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ní ọkọ̀ tirẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ á tẹ̀lé wa. Usakos, Spitzkoppe, Uis, Messum, Cape Cross, ká wá sọ̀ kalẹ̀ sí Swakopmund. Sandwich Harbour, a ó gba ẹni tó mọ̀ ọ́n. Níbo ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ ti Dorob?

ỌmọMọ́pà_Walvis

Ọ́fíìsì àjọ tó ń bójú tó àyíká wà ní Windhoek àti Swakopmund. Ti Windhoek ni kẹ́ ẹ lọ, torí inú ọgbà náà lẹ ó ti gbà yọ kẹ́ ẹ tó rí Swakopmund. Ọjọ́ iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, láàárọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀ méjèèjì lọ́wọ́. Ẹ sọ fún wọn pé Messum lẹ ń gbà, wọ́n á sì sọ ipa tó ṣí àti èyí tí wọ́n ti tì fún yín.